Pátákó Ìyá

Orí tábìlì ìránṣọ ìyá mi ni mo gbé e lé,
tábìlì tí a kò tíì rí ọkàn láti tà.
Ọyẹ́ ń fẹ́ gba ẹ̀yìn Àkábà Ìdẹ́nà wọ Kétu,
ètè ń là, aṣọ ọ̀rá ń ta pàrà lára ènìyàn.
Mo bọ́ súwẹ́tà. Mo fọwọ́ kan irin àpótí kí n tó kan ohunkóhun:
iná kékeré tí ara ń bí nígbà ọyẹ́
tó láti pa ohun tí a rà ní ẹgbàá ogún fáràǹkì.

Kátì mẹ̀ẹ̀rì ni ọ̀gá mi ní Kútọnú ń pè é.
Èmi ń pè é ní pátákó ìyá,
nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹun:
ọpọlọ, ìrántí, abẹ̀bẹ̀, dísìkì.
Àlòkù ni. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé;
ẹnìkan nílùú òtútù ti lò ó, ó ti sú u.

Káṣímù, di tọ́ọ̀ṣì mú. Má mí sí i.

Ẹsẹ̀ idẹ mẹ́sàn-án ni mo kọ́kọ́ dè mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí.
Mo ka ihò, mo tún un kà.
Ẹsẹ̀ kan tó bá dúró síbi tí kò sí ihò,
ẹ̀yìn pátákó á kàn án, ó parí.
Ọpọlọ ní igun kan tí wọ́n fi àmì wúrà sí.
A kì í tì í. À á gbé e kalẹ̀ bí ọmọ tó ti sùn,
bí kò bá wọlé fúnra rẹ̀, àwa la kò mọ igun.
Ìrántí ni à ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀
títí yóò fi dáhùn "káù" lọ́tùn-ún, "káù" lósì.

Wọ́n ní ìyá ni wúrà.
Wúrà wà lóòótọ́, etí ìrántí ni wọ́n fi kùn,
ó fẹ́lẹ́ débi pé òógùn ìka lè bà á jẹ́.

Mo tàn án. Abẹ̀bẹ̀ yí. Ojú rẹ̀ dúdú.
Mẹ́tìrì Oyèṣínà tó ni ín wo aago,
àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń retí èsì.
"Ọmọ Abẹ́ní, ṣé kò ti kú báyìí?"
Mi ò dáhùn. Mo pa á. Mo wá okùn ẹlẹ́nu mẹ́jọ
tó yẹ kó máa bọ́ ọpọlọ,
mo bá a níbi tó sá pamọ́ sí lẹ́yìn àpótí, bí ọmọ tó fọ́ àwo.
Mo kì í bọ ibẹ̀. Mo tún un tàn.
Ó ké pín-ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ojú búlúù. Ibi ìtò.
Mo sọ fún un pé dísìkì ni kó kọ́kọ́ bi léèrè,
kó má wá ẹnu àwo tí a ti yọ kúrò;
mo ní kí abẹ̀bẹ̀ rọra, àfi tí ooru bá kọjá àádọ́ta;
mo wá dé orí ọjọ́.

Láàárọ̀ ni mo pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, rogodo bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù.
Ti àtijọ́ ti kú tipẹ́, ó sì ti gbàgbé
gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí i.
Ó ní: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2013.

Lọ́dún náà, ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà lórí tábìlì yìí.
Ìyá mi ń feyín gé òwú,
ó ń bú mi pé mo tún ti tú rédíò òun.
Oṣù Agẹmọ ló lọ.
Lójú ẹ̀rọ yìí, ó ku oṣù mẹ́fà.

"Àǹtí, kí la ń dúró dè?"
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Káṣímù. Kò bá a láyé.
Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.
Mẹ́tìrì wúkọ́.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọdún sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé tó mọ̀ nínú òkùnkùn.
Ẹ̀rọ bi mí bóyá kí òun fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, abẹ́rẹ́ kan jáde láti inú àlàfo tábìlì,
ó fò mọ́ ẹnu ìdèsó mi tó ní òòfà.
Ó ti dógùn-ún. Òwú aró díẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀.
Mo dá a padà sínú àlàfo.